Ọkùnrin Tó Ń Tò fún Ohun Tó Ti Gbà

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, ẹ̀rù máa ń bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù ẹranko, kì í ṣe ẹ̀rù òkùnkùn. Ẹ̀rù ìwé ni. Bí ó bá rí àpòòwé lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, á kọ́kọ́ dúró, á wò ó lókèèrè bí ẹni ń wo ejò, kó tó bẹ̀rẹ̀ mú un. Aránṣọ ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Yàrá ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ kan ló ń jókòó sí, tó ń pààrọ̀ síìpù, tó ń ká etí ṣòkòtò, tó ń rán bọ́tìnnì tó já padà mọ́ ẹ̀wù. Ìwé tó kà kò jìnnà. Ó lè ka orúkọ ara rẹ̀, ó lè ka nọ́mbà, ó sì lè ka gbólóhùn kan tí wọ́n máa ń fi òǹtẹ̀ lù sórí ìwé rẹ̀ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta: "Ẹ ṣì máa dúró."

Lọ́dún tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó sì ti dúró fún ọdún mẹ́sàn-án.

Ìwé ìgbélùú ló ń dúró dè. Láìsí i, wọn ò lé e, wọn ò sì gbà á. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ kan kọjá ẹnubodè láti lọ wo ìyá rẹ̀ nílé, ilẹ̀kùn á tì lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbé ayé bí ẹni tó sùn sórí ẹní àyálò, tí kì í na ẹsẹ̀ tán. Kì í sọdá títì níbi tí wọn ò fa ìlà funfun sí. Kì í rẹ́rìn-ín sókè nínú bọ́ọ̀sì. Kì í ra ohunkóhun tí ọwọ́ kan ò lè gbé.

Ẹ̀rù náà kò ṣẹ̀yìn nǹkan tójú rẹ̀ ti rí. Òun àti ọkọ tó kọ́kọ́ fẹ́ ni wọ́n jọ wọ ìlú, ìwé rẹ̀ sì so mọ́ ìwé ọkọ. Ní ọdún kẹta, ìwé ọkọ jáde. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà gbé abọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ dání, ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́, ó di àwátì. Lẹ́yìn oṣù bí mélòó kan, lẹ́tà ilé ẹjọ́ dé pé ìgbéyàwó ti tú ká. Àwọn ọ́fíìsì ní fáìlì rẹ̀ kò so mọ́ nǹkan kan mọ́, kó lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó gun àjà dé ìdajì, tí wọ́n wá yọ àkàbà nídìí rẹ̀.

Ọdún kẹrin ló pàdé Káfíńtà. Orí ìlà ni. Ìlà ọ́fíìsì yẹn máa ń yí ilé ká bí okùn tí wọ́n fi di ẹrù, ẹni tó bá sì pẹ́ dé, ẹ̀yìn orí èèyàn ló máa wò títí di ọ̀sán. Ẹsẹ̀ Aránṣọ ti wú, torí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò. Ó ń gbé ọ̀kan sókè, ó ń gbé ọ̀kan sílẹ̀. Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà fa pákó kan yọ lábẹ́ abíyá, ó ṣí i, ó di àpótí ìjókòó.

"Ẹ jókòó, màmá," ló wí.

Aránṣọ wò ó, ó ní òun kọ́ ni màmá rẹ̀.

"Ẹ má bínú. Ẹ jókòó, àǹtí. Àpótí yìí kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ èèyàn."

Ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé òun kì í rẹ́rìn-ín níta. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Lẹ́yìn náà ló jókòó.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìfẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ọkùnrin náà ń ṣe férémù fèrèsé níbi iṣẹ́ kan lẹ́yìn ojú irin. Ìyàwó rẹ̀ ti kú kó tó kúrò nílé, kò bímọ, òun náà sì ń dúró de ìwé. Bí wọ́n bá ti pàdé lórí ìlà, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta láàárín wákàtí mẹ́rin, kálukú á sì gba òǹtẹ̀ tirẹ̀ lọ. Nígbà tó di ìlà kẹta, oṣù mẹ́ta ti wá jìnnà jù. Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí gbé ṣòkòtò wá síbi tí wọ́n ti ń fọṣọ.

Obìnrin tó ni ilé ìfọṣọ náà, Alágbàfọ̀ là ń pè é, kò sí ohun tó lè pa mọ́ fún ojú rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè pa mọ́ sí ẹnu rẹ̀. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn wá lọ́jọ́ kan, ó na ṣòkòtò kan sí Aránṣọ.

"Wo àpò yìí dáadáa. Kò gbó, ọwọ́ ni wọ́n fi ya á. Àpò kẹrin lóṣù yìí nìyẹn. Bí o kò bá dá ọkùnrin yìí lóhùn, ìhòòhò ló máa wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Aránṣọ ní òun ò mọ ohun tó ń sọ. Ó tẹ orí ba, ó ń rán àpò, àmọ́ ìlà òwú náà wọ́, ó sì ní láti tú u.

Alágbàfọ̀ yìí náà ló ṣe alárinà. Òun ni Káfíńtà rán sí i pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, kì í ṣe eré. Aránṣọ kò sùn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, bóyá ìyá á bá a kọ̀, kó lè sinmi.

Ìyá kọ̀ lóòótọ́. Ó béèrè iṣẹ́ ọkùnrin náà, ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó béèrè ìwà rẹ̀, ó ní ẹni tó ń gbé àpótí fún ẹlẹ́sẹ̀ wíwú kì í ṣe èèyànkéèyàn. Ó wá béèrè ìwé rẹ̀.

"Ẹni tí òjò ń pa kì í ya ẹni tí òjò ń pa ní agboòrùn," ló sọ. "Ìwọ ò níwèé, òun náà ò níwèé. Ta ló máa wá ṣílẹ̀kùn fún ta? Ojú mi ọ̀tún ti ń ṣú, ọmọ mi. Ẹni tó máa jẹ́ kí n rí ọ ni kó o fẹ́."

Aránṣọ gbé èsì náà fún Káfíńtà fúnra rẹ̀, lórí ìlà. Ó ní bí ìwé àwọn méjèèjì bá jáde, ìyá ò ní rí ohun sọ mọ́, wọ́n á ṣe ìgbéyàwó. Káfíńtà gbà. Ibẹ̀ ló yẹ kí Aránṣọ fi ọ̀rọ̀ náà sí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ náà, ó sì rántí abọ́ oúnjẹ ọ̀sán. Ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

"Bí tiyín bá ṣáájú tèmi jáde, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ kí mi pé ó dàbọ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n máa dúró. Mo ń dúró de ìjọba. Mi ò tún lè dúró de ọkùnrin tó ti gba ìwé mọ́."

Káfíńtà ká àpótí rẹ̀ pọ̀, ó tì í sábẹ́ abíyá.

Ọdún mẹ́ta ó lé kọjá. Òǹtẹ̀ kún iwájú ìwé Aránṣọ, ó kún ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n lẹ bébà mìíràn mọ́ ọn nídìí. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, Káfíńtà á ti wà níbẹ̀ kó tó dé, á ti ṣí àpótí sílẹ̀. Fèrèsé kẹrin ló máa ń lọ, Aránṣọ á lọ sí ìkejì. Tí wọ́n bá jáde, Aránṣọ á béèrè pé kí ni wọ́n wí. Káfíńtà á ní, "Ohun tí wọ́n máa ń wí náà ni." Wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á jọ rìn dé ibùdókọ̀.

Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, ojú ọ̀tún ìyá kú. Ti òsì náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ obìnrin tó ń tọ́jú ìyá ní dókítà sọ pé kò sí àtúnṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lórí fóònù, ìyá dákẹ́, ó wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí wọn ò tan iná. Oòrùn ọ̀sán ganrínganrín ló wà níta. Aránṣọ gbé fóònù sílẹ̀ sórí tábìlì ìránṣọ, ó gbé orí lé ẹ̀rọ, ó sunkún láìsọ̀rọ̀. Káfíńtà wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó di ṣòkòtò yíya kan mú. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. Aránṣọ rò pé àánú ni.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, kò sí ohun tó yàtọ̀ láàárọ̀. Ìlà gùn, àpótí wà, wọ́n pè wọ́n wọlé. Àwọn tó wà ní fèrèsé kejì ti lọ jẹun, wọ́n wá darí gbogbo èèyàn sí ìkẹrin. Bó ṣe jẹ́ pé Aránṣọ dúró gẹ́rẹ́ lẹ́yìn Káfíńtà nìyẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó rí i pé ẹ̀yìn ọrùn ọkùnrin náà ń làágùn, bẹ́ẹ̀ ooru ò mú. Akọ̀wé àgbà tó máa ń jókòó níbẹ̀ ti lọ sí ìsinmi. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ó tẹ nọ́mbà Káfíńtà sínú kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó tún un wò.

"Bàbá, kí lẹ tún ń wá?" ló béèrè, kò sì pa ohùn mọ́lẹ̀. "Káàdì yín ti jáde láti ọdún mẹ́ta, ẹ sì ti gbà á. Ẹ̀yin ò nídìí à ń tò níbí mọ́."

Ọmọbìnrin náà wo Aránṣọ, bóyá ó rò pé òun ń ṣèrànwọ́. Ó ní, "Àbí ti màmá yìí lẹ bá wá? Bí ẹ bá ti ṣe ìgbéyàwó ẹ bá ti fi wọ́n sórí ìwé yín. Oṣù mẹ́fà péré ni."

Aránṣọ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò sí èyí tó wọlé. Ó dúró bí aṣọ tí wọ́n kọ́ sórí ìkọ́. Nígbà tí wọ́n pe nọ́mbà tirẹ̀, ẹlòmíràn ló fọwọ́ tọ́ ọ. Ó na ìwé rẹ̀ sí wọn, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, ó ní ẹ ṣeun.

Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó yíjú sí Káfíńtà. Láti ọdún márùn-ún tó ti mọ̀ ọ́n, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀.

"O ti gbà á?"

Káfíńtà ki ọwọ́ bọ àpò inú, ó mú káàdì jáde. Ó mọ́, ó ń dán, àwòrán ojú rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Aránṣọ lè ka nọ́mbà. Ó ka ọjọ́, ó ka oṣù, ó ka ọdún. Lóṣù yẹn, ìyá rẹ̀ ṣì ń fi ojú kan fa òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó dá káàdì padà fún un jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ó lè fọ́. Kò pariwo, kò bú u. Ó rìn lọ sí ibùdókọ̀, ó sì sọdá títì níbi tí kò sí ìlà funfun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi gbọ́ orúkọ Káfíńtà létí. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun, àmọ́ ara rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́mọ ìka dé egungun, Alágbàfọ̀ ló rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ oníbàárà kó tó mọ̀. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà ń gbà wọlé sí i, kò sì mọ èyí tó burú jù. Ọkùnrin tó gba ìwé tí kò sá lọ: ó yẹ kó dúpẹ́. Ọkùnrin tó di kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ tó ń wò ó bó ṣe ń kanlẹ̀kùn: kí ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ojú ìyá rẹ̀ ló bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì.

Alágbàfọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ó gbé ẹ̀bẹ̀ Káfíńtà wá, ó gbé e padà. Ó gbé ẹ̀kejì wá, Aránṣọ kò gbọ́. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó jókòó sórí àpò aṣọ ìdọ̀tí, ó ní òun ò bẹ̀bẹ̀ mọ́, òun kàn fẹ́ béèrè nǹkan kan.

"Ṣé o ti bi í léèrè ohun tó fà á? Àbí ìwọ náà ti di ọ́fíìsì, tó ń tọ́jú fáìlì èèyàn tí kì í ṣí i?"

Ìyẹn dùn ún. Ó ní kí ọkùnrin náà wá.

Káfíńtà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ti dákẹ́. Ó ti rù. Kò jókòó. Aránṣọ ní kó sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, kó má fi nǹkan kan lọ́ ọ.

"Ẹ̀rù ló bà mí," ni Káfíńtà wí.

Aránṣọ dúró de èyí tó kù.

"O ní ọjọ́ tí mo bá gbà á, kí n kí ọ pé ó dàbọ̀. Mo gbà á lọ́jọ́ Ajé. Mo ní kí n dúró, tìrẹ náà á jáde lọ́sẹ̀ méjì, oṣù kan, màá wá kó méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Oṣù kan di mẹ́ta. Nígbà tó di ọdún kan, kì í ṣe ìwé ni mò ń fi pamọ́ mọ́, ọdún kan ni. Lọ́jọ́ tí màmá ní kí wọ́n tanná, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo rí i pé bí mo bá sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, o ò ní wo ojú mi mọ́ láyé. Ẹ̀rù bà mí. Mo bẹ akọ̀wé fèrèsé kẹrin pé kó máa jẹ́ kí n kàn kí i, kí n sì máa lọ."

"Kò ṣe ọ́ bíi pé kó o sá lọ?"

"Ibo ni màá sá lọ?" Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ lóòótọ́.

Ohun tó ya Aránṣọ lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, ó rò pé òun nìkan ni ẹ̀rù ń bà, pé gbogbo èèyàn yòókù ń rìn ní títì bí onílẹ̀. Ọkùnrin tó gbòòrò tó báyìí, ó ń gbọ̀n níwájú rẹ̀. Òun sì ni ohun tó ń bà á lẹ́rù. Kò sí ẹni tó bẹ̀rù rẹ̀ rí. Kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Kò dárí jì í lọ́jọ́ náà. Ó gbé fóònù, ó pe ìyá rẹ̀, ó na fóònù sí Káfíńtà. Ó ní kó sọ ọ́ fún ẹni tó jẹ ní gbèsè ojú.

Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì yàrá ẹ̀yìn, bí ẹni pé ìyá lè rí i. Ó sọ ọ́ tán, látorí ọjọ́ Ajé dé orí ọmọbìnrin fèrèsé kẹrin.

"Ọdún mẹ́ta," ni ìyá wí. "O dìde láàárọ̀, o lọ tò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹsẹ̀ kò ro ọ́?"

"Ó ro mí, mà."

Ìyá mí kanlẹ̀. Ó ní òun ò ní parọ́, inú ń bí òun, ó sì máa bí òun dọ́jọ́ ikú. Ó ní ojú òun ò ní là nítorí ìbínú, àmọ́ ọwọ́ òun ṣì mọ nǹkan. Kí wọ́n lọ ṣe ohun tí wọ́n bá máa ṣe, kó gbé ọmọ òun wá kí òun fọwọ́ bà á lójú kí òun tó kú. Bí ó bá ṣe é, àna òun ni. Bí kò bá ṣe é, òun ò mọ ọ́n.

Wọ́n kọ orúkọ ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó lọ́jọ́bọ̀ kan, Alágbàfọ̀ jẹ́rìí sí i nínú bùbá tó lọ̀ títí tó fi dúró gan-an. Inú Aránṣọ kò dùn tán, kò sì bàjẹ́. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n.

Oṣù mẹ́fà péré tí wọ́n wí di mọ́kànlá. Nílé, ìyá ò dìde mọ́ láìsí pé wọ́n mú un lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ránṣẹ́ pe tọkọtaya náà fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n á ya wọ́n sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà, wọ́n á sì fi ìdáhùn méjèèjì wéra. Bí kò bá bára mu, ó parí.

Ọkùnrin kan wà lórí ìlà tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà, kì í ṣe pé ó kàwé òfin, ọdún mẹ́tàlá ló ti ń tò. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ó mi orí. Ó ní bí wọ́n bá béèrè ìgbà tí ìyàwó mọ̀ pé ìwé ọkọ ti jáde, kí àwọn méjèèjì sọ pé ọjọ́ tó jáde gan-an ni. Ó ní ta ló máa gbà gbọ́ pé èèyàn gba ìwé tó sì ń tò? Wọ́n á ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ni, wọ́n ń ra ìwé lábẹ́ aṣọ ìgbéyàwó. Káfíńtà ní bóyá kí àwọn ṣe bẹ́ẹ̀. Aránṣọ fẹ́ dáhùn, wọ́n pe nọ́mbà wọn. Wọ́n mú ọ̀kan gba ọ̀tún, wọ́n mú ọ̀kan gba òsì. Wọn ò tíì fẹnu kò.

Obìnrin kan tó ti ń darúgbó ló jókòó níwájú Aránṣọ. Ó béèrè irú bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń sùn sí, ó béèrè ẹni tó ń kọ́kọ́ jí. Ó wá béèrè rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé káàdì ọkọ yín ti jáde?"

Bí Káfíńtà bá ti sọ ti Lọ́yà, tí òun sọ òótọ́, òun fọwọ́ ara òun ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá òun. Bí Káfíńtà bá sọ òótọ́, tí òun parọ́, ọ̀kan náà ni. Ó ronú nípa ọkùnrin tó ń gbọ̀n ní yàrá ẹ̀yìn. Ó bi ara rẹ̀ bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún lè fi nǹkan pamọ́. Kò mọ̀. Ó kàn rí i pé òun ò lè fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ ilé.

Ó sọ òótọ́. Ó sọ ọ́ tìkọ̀-tìkọ̀, ó ń dúró, ó ń padà sẹ́yìn. Ó sọ ti fèrèsé kẹrin, ó sọ ti ojú ìyá. Obìnrin náà kò kọ nǹkan kan mọ́. Ó dìde, ó jáde. Ogójì ìṣẹ́jú ni Aránṣọ fi wo aago ara ògiri. Nígbà tí obìnrin náà padà dé, ó mú bébà mìíràn dání, ó sì ń wo Aránṣọ bí ẹni tí nǹkan yà lẹ́nu.

"Ohun tóun náà sọ nìyẹn," ló wí. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Wọ́n ti pa irọ́ oríṣiríṣi fún mi, kò sẹ́ni tó pa irú èyí rí." Ó jókòó. "Èyí kò sí lórí fọ́ọ̀mù. Ẹ mọ ohun tó ṣe, ẹ sì tún fẹ́ ẹ?"

"Ọdún mẹ́ta ló fi tò síbí láìní nǹkan tó fẹ́ gbà," ni Aránṣọ dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ jókòó síbí. Ṣé ẹ ti rí ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀?"

Obìnrin náà pa fáìlì dé. Ó ní wọ́n á gbọ́ látọ̀dọ̀ àwọn.

Ọjọ́ kọkànlá ni àpòòwé dé, ìwé ìgbélùú Aránṣọ ló wà nínú rẹ̀. Ó yá débi pé Aránṣọ kò gbà á gbọ́. Òun àti Káfíńtà tún padà lọ sí fèrèsé láti béèrè bóyá wọ́n ṣèèṣì ni. Akọ̀wé ní kò sí àṣìṣe, kí wọ́n máa lọ sílé wọn.

Ẹ̀gbẹ́ ògiri ìta ni wọ́n ti pe ìyá. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́, Káfíńtà ló bá a sọ ọ́ tán. Ìyá kò hó, kò súre. Ó béèrè bóyá ìlà ti tán lóòótọ́. Káfíńtà ní ó ti tán, mà.

"Ó dáa," ni ìyá wí. "Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà mi, má tò sẹ́yìn ọmọ mi mọ́ o. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kó o dúró. Ọwọ́ méjì ni mo ní, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo fẹ́ fi ba ojú ẹ̀yin méjèèjì."